Iyọ̀ Tó Já Ọmọ Mi Lẹ́nu Ọmú

Ẹ̀yin tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé májèlé ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. N kò fẹ́ dẹ́rù bà yín, ẹ̀rù tó wà lára yín ti tó. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣe èmi, mo wá ẹnì kan tó ti la irú rẹ̀ kọjá, kó kàn sọ fún mi bó ṣe máa ń rí, n kò rí. Amòye ló yí mi ká nígbà náà. Ìyá ọkọ mi mọ ohun tó ń ṣe mí, bàbá mi mọ̀ ọ́n, obìnrin tó ń ta kẹrosíìnì ní ẹnu ọ̀nà wa náà mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n mọ̀ kò jọra wọn, kò sì sí òótọ́ nínú ọ̀kankan.

Rísíkátù ni orúkọ mi. Ìlàrè ní Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, àmọ́ Ìwó ni bàbá bàbá mi ti wá. Alfa ni bàbá mi. Iṣẹ́ aránṣọ ni mo kọ́, mo sì mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ìgbéraga. Bí mo bá fi ọwọ́ rán etí aṣọ, ẹ ó rò pé ẹ̀rọ ló rán an. Mo fẹ́ Kúnlé, tíṣà ilé ẹ̀kọ́ girama, ọmọ Ẹ̀dúnàbọ̀n, onígbàgbọ́. Bàbá mi bínú díẹ̀, ó sì gbà nígbà tó yá, nítorí Kúnlé mọ̀ bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀. Ìrẹmọ la gba ilé sí.

Ní àárín àwọn ọdún 1990, òkìríkà ti gba oúnjẹ lẹ́nu aránṣọ. Ọ̀rẹ́ Kúnlé kan wá sọ fún wa pé ilé ìwádìí kékeré kan tó jẹ́ ti ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ti fẹ̀yìn tì, lójú ọ̀nà Ìbàdàn, ń wá obìnrin tó lè fi ọwọ́ rán nǹkan dáadáa. Mo rò pé aṣọ ni. Ewé ni wọ́n fẹ́ kí n máa rán.

Bó ṣe rí nìyí. Wọ́n á lọ inú igbó, wọ́n á já ewé tòun ti òdòdó rẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sáàárín ìwé ìròyìn àtijọ́ títí á fi gbẹ pẹlẹbẹ. Èmi á wá rán an mọ́ páálí funfun, òwú díẹ̀ níbí, òwú díẹ̀ lọ́hùn-ún, kó má baà yẹ̀. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ lókè òkun ló ń rà á. Ewé lè wà lórí páálí bẹ́ẹ̀ títí tí ẹni tó já a á fi di bàbá àgbà, bí kòkòrò kò bá jẹ ẹ́. Kòkòrò gan-an ni ọ̀tá iṣẹ́ náà.

Nítorí kòkòrò ni Ọ̀gbẹ́ni Fálànà, ọ̀gá mi níbẹ̀, ṣe ń po omi kan. Iyọ̀ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ìgò, ó funfun báláú, kò ní òórùn kankan. Ó wúwo ju bí ojú ṣe rí i lọ. Bí ẹ bá gbé ìgò kékeré yẹn, ọwọ́ yín á kọ́kọ́ lọ sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Fálànà á fi òṣùwọ̀n wọn díẹ̀, á dà á sínú sípíríìtì, á máa rò ó títí á fi yòrò tí omi náà á mọ́ gaara bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Kì í fi tíréè onírin ṣe é, torí iyọ̀ náà máa ń jẹ irin. Oníke ló ń lò. Á wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, á ri ewé bọ inú rẹ̀, á fà á jáde, á sá a. Sípíríìtì á gbẹ lọ, iyọ̀ á kù sára ewé, ojú kò sì ní rí i. Lẹ́yìn náà á tẹ òǹtẹ̀ pupa sí etí páálí pé wọ́n ti fi májèlé sí i.

Ojoojúmọ́ ni mo ń rí òǹtẹ̀ pupa yẹn, kò sẹ́ni tó fi í pamọ́ fún mi. Ohun tó yé èmi àti ọ̀gá mi ni pé májèlé kòkòrò ni, àti pé ìgbà tó bá wà nínú omi nìkan ló lè pa èèyàn lára. Èyí tó bá ti gbẹ, a gbà pé agbára rẹ̀ ti bá òórùn sípíríìtì lọ. Òun náà, bí ewé bá ti gbẹ báyìí, ọwọ́ lásán ló fi ń gbé e fún mi.

Ibẹ̀ ni mo ti lóyún Títílayọ̀. Mo bí i, mo sinmi díẹ̀, mo sì gbé e pọ̀n padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ náà sanra, ó fẹ́ràn ọmú bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Á mu ún tán, á wá fi ọwọ́ kékeré yẹn máa gbá àyà mi pẹ́pẹ́pẹ́. Bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ṣì ń gbọ́ ọ lára.

Itọ́ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹnu mi ń ṣomi ṣáá, ó sì ń ṣe bí ẹni pé mo fi kọ́bọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ọbẹ̀ tí mo sè fúnra mi kò dùn lẹ́nu mi mọ́. Àwọn obìnrin àdúgbò wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ìyá Títí, ẹ ò jẹ́ kí èyí já lẹ́nu ọmú kẹ́ ẹ tó tún gbé òmíràn!" Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, èrìgì mi wú, ó ń ṣẹ̀jẹ̀ tí mo bá fọ eyín, eyín kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì bíi ti ọmọdé. Mo ra orín tuntun, mo rò pé orín ni kò dáa.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ọwọ́. Tíì á dà kí n tó gbé kọ́ọ̀bù dé ẹnu. Èmi tí n kì í ṣi ojú abẹ́rẹ́, mo ń fi òwú wá a káàkiri. Oorun lọ, ìbínú dé. Mo ń pariwo mọ́ Kúnlé nítorí ọṣẹ tó fi sílẹ̀ nínú omi, lẹ́yìn náà ni mo máa jókòó tí mo máa sunkún, n kò sì mọ ohun tí mo ń sunkún lé lórí. Bí àlejò bá kanlẹ̀kùn, mo máa ń sá wọ yàrá. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Níta mo ń kí èèyàn, nínú mo rò pé mo fẹ́ ya wèrè. Àfìgbà tí ojú mi wú láàárọ̀ ọjọ́ kan tí n kò lè la ojú kan, tí ìtọ̀ mi sì ń hó bí omi ọṣẹ, ni Kúnlé tó sọ pé ó tó gẹ́ẹ́.

Àwọn amòye dé. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ẹ̀dúnàbọ̀n, gbé àgbo wá nínú ìgò, ó ní ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ tó báyìí, ayé kò lè ṣe kó máà jowú rẹ̀. Bàbá mi gbé omi hántú wá láti Ìlàrè, omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ̀ Kùránì lára wàláà, ó ní, "Ṣe Bisimillah kó o tó mu ún, kó o má sì pò ó mọ́ nǹkan." Obìnrin kan láti ṣọ́ọ̀ṣì Kúnlé gbé omi àdúrà tirẹ̀ náà wá. Mo ní ṣé kí n mu gbogbo rẹ̀ ni? Màmá ní, "Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, Rísíkátù. Mu." Mo mu ún. Nínú ikùn mi, ẹlẹ́sìn kò bá ẹlẹ́sìn jà rárá, wọ́n gbé pọ̀ ní ìrẹ́pọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ń gbọ̀n síbẹ̀, ẹsẹ̀ mi náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú.

A gba ilé ìwòsàn ńlá lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti tò síbẹ̀ rí mọ ohun tí mò ń sọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, bẹ́ǹṣì ti kún, èèyàn á fi ìdí sún láti orí bẹ́ǹṣì kan sí èkejì títí oòrùn á fi kan àtàrí. Dókítà àkọ́kọ́ ní ibà ni. Èkejì ní ìyá ọlọ́mọ tí kò rí oorun sùn ni. N kò bá wọn jà, èmi náà kò sọ fún wọn pé ewé ni mo ń rán. Wọ́n béèrè iṣẹ́ mi, mo ní aránṣọ ni mí, ó tán. Tí ẹ ò bá gba nǹkan kan mú nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ gba èyí mú: tí dókítà bá béèrè iṣẹ́ yín, ẹ má fi orúkọ iṣẹ́ dáhùn. Ẹ sọ ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe láti àárọ̀.

Ẹni kẹta tó rí mi ni Dókítà Olúrántí, obìnrin kúkúrú kan tó fi okùn so gíláàsì mọ́ ọrùn. Ó ní kí n na ọwọ́, ó wò ó. Ó ní kí n kọ orúkọ mi, ohun tí mo kọ dà bí ibi tí adìyẹ ti walẹ̀. Ó béèrè iṣẹ́ mi, mo dáhùn bí mo ṣe ń dáhùn tẹ́lẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Aránṣọ? Ọlọ́run ló rán yín sí mi. Ẹ wo bọ́tìnnì mi." Bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ kan ti já lóòótọ́. Ó mú abẹ́rẹ́ àti òwú jáde nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. "Ẹ bá mi ki òwú bọ inú rẹ̀, kí n wo bí ọwọ́ yẹn ṣe ń ṣe."

Mo gba òwú. Mo fi ẹnu rẹ̀ sẹ́nu, mo lá a, mo fi ètè yí i kó lè mú. Mo fi wá ojú abẹ́rẹ́, ó yẹ̀. Mo tún fi sẹ́nu. Ó yẹ̀. Mo tún fi sẹ́nu.

"Ẹ dúró ná," ló wí. "Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń ṣe é?"

"Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo aránṣọ ṣe ń ṣe é, mà. Òwú gbígbẹ kì í wọlé."

"Tẹ́ ẹ bá rán an tán ńkọ́? Kí lẹ fi ń gé e?"

"Eyín ni mà. Síṣọ́ọ̀sì lè ba ewé jẹ́."

"Ewé?"

Ìgbà yẹn ni mo tó ròyìn fún un: ewé gbígbẹ, páálí, sípíríìtì, iyọ̀ tó wúwo, òǹtẹ̀ pupa. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ló rọra gba òwú yẹn lọ́wọ́ mi, ó sì fi í sínú bébà, ó ká a. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé.

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ní Yorùbá, bí mo ṣe máa ṣàlàyé fún yín náà nìyẹn. Ṣé ẹ mọ omi dídán tó máa ń sáré nínú ẹ̀rọ gíláàsì tí wọ́n fi ń wo ibà? Mẹ́kúrì ni. Iyọ̀ ọ̀gá mi, mẹ́kúrì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n so ó pọ̀ mọ́ kúlórínì, èyí tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn inú omi ẹ̀rọ. Ó ní láyé àtijọ́, wọ́n máa ń gbé ohun tó ní mẹ́kúrì kaná pẹ̀lú iyọ̀ ọbẹ̀, èéfín rẹ̀ á gòkè, á sì dì mọ́ ara ìdérí ní funfun. Ohun tí wọ́n bá ha níbẹ̀ ni. Àwọn dókítà ìgbà náà fi ń fọ egbò, wọ́n fi ń fọ ọwọ́ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n fi ń pa ikán nínú pákó. Àwọn ẹbí rẹ̀ ṣì wà nínú ọṣẹ àti ìpara kan tí àwọn èèyàn fi ń bó ara. Ó ní ohun tó ń pa kòkòrò kò bìkítà pé èèyàn ni yín. Èrìgì ló kọ́kọ́ ń bà jẹ́, lẹ́yìn náà ọwọ́, ọkàn, àti kíndìnrín. Òwú mi ń gba inú ewé kọjá, ó ń kó iyọ̀ náà, èmi sì ń lá a ní gbogbo ìgbà.

Mo ń gbọ́ ọ, mo ń mi orí. Títí ń sùn lẹ́yìn mi. Dókítà wò ó.

"Ṣé ẹ ṣì ń fún un lọ́mú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Ẹ dá a dúró lónìí, Ìyá Títí. Èyí tó mu láàárọ̀, kó jẹ́ ìkẹyìn."

Mo bi í bóyá ó ti wọ ọmọ náà lára. Ó ní òun kò mọ̀. Ó ní àwọn máa yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n bó bá ti pa ọpọlọ ọmọdé lára, kì í tètè hàn. Tó bá ń dàgbà, tó ń rìn, tó ń sọ̀rọ̀, ìgbà yẹn la máa mọ̀. Tèmi kò já mọ́ nǹkan kan lójú mi mọ́ láti ọjọ́ náà. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ọmú tí mo fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ṣé òun ni mo fi pa á lára.

Màmá Ẹ̀dúnàbọ̀n wá gbé ọmọ. Dókítà kò sọ pé kí n má fọwọ́ kan ọmọ mi o. Ọmú nìkan ló sọ. Ṣùgbọ́n Màmá mọ bí wọ́n ṣe ń já ọmọ lẹ́nu ọmú: ìyá àgbà á gbé e lọ, kò sì ní rí ìyá rẹ̀ sójú títí tó fi máa gbàgbé. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ mi, kí Kúnlé máa fún un ní wàrà inú agolo. Màmá wo ọwọ́ mi tó ń gbọ̀n lórí itan mi.

"Bó bá já bọ́ lọ́wọ́ ẹ ńkọ́?"

Mo ti fọ́ àwo ọbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo gbé ọmọ mi fún un. Títí rẹ́rìn-ín sí mi láti ẹ̀yìn ìyá àgbà rẹ̀, ó rò pé a fẹ́ jọ jáde ni.

Wọ́n dá mi dúró sílé ìwòsàn. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún mi láti fi fa májèlé náà jáde, Èkó ni wọ́n ti lọ ń wá a, ó sì ń ta bí ata inú ojú. Kúnlé ta alùpùpù rẹ̀. Bàbá mi ta àgbò tó ń bọ́ sílẹ̀ de iléyá, ó ní Ọlọ́run mọ ibi tó ń lọ. Ẹ̀rù bà mí gan-an níbẹ̀, torí obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ mi, tí ìpara ba kíndìnrín tirẹ̀ jẹ́, kò padà sílé. Nọ́ọ̀sì àgbà kan máa ń sọ fún mi pé àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú.

Àmọ́ abẹ́rẹ́ kọ́ ló nira jù. Ọmú ni. Ó ń kún, ó ń le bí òkúta, kò sí ẹni tó máa mu ún, mo sì ní láti máa fún un dà sínú síǹkì. Mo máa ń ṣí ẹ̀rọ omi sórí rẹ̀ kí n má baà rí i. Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé kò jìnnà sí tiwa, bí ọmọ èyíkéyìí bá ké lọ́hùn-ún, àyà mi á ṣomi. Ìró tí mo fi ń pọ̀n ọ́n wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi, òórùn rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ó ti dọ̀tí, kóun bá mi fọ̀ ọ́. Mo bú nọ́ọ̀sì. Mo tọrọ àforíjì nígbà tó yá, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kó fọ̀ ọ́. Ọmọ mi ni mo fẹ́. Mo fẹ́ kó wúwo lẹ́yìn mi, mo fẹ́ kó fa etí mi, mo fẹ́ kó tọ̀ sí mi lára.

Nígbà tí wọ́n dá mi sílẹ̀, mo ṣì ń lo oògùn. Kúnlé ń lọ Ẹ̀dúnàbọ̀n wò ó, á máa ròyìn fún mi: ó ti hu eyín, ó ti ń jẹ ẹ̀kọ. Ìròyìn kò yó mi. Lọ́jọ́ kan, ó lọ síbi iṣẹ́, mo wé gèlè, mo wọ mọ́tò. Ẹ̀dúnàbọ̀n kò jìnnà, ẹ mọ̀ ọ́n. Mo sọ̀ kalẹ̀ ní òdì kejì títì sí ibi tí Màmá ti ń ta ọsàn, mo sì dúró sẹ́yìn lọ́rì kan tó gbé pákó.

Mo rí i. Ọmọ mi dúró. Ó di ẹsẹ̀ tábìlì ọsàn mú, ó fi í sílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ méjì mẹ́ta, ó jókòó gbì, ó tún dìde. Ọmọ mi ti ń rìn, n kò sì sí níbẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn pé ẹsẹ̀ rẹ̀ le, inú mi sì tún bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ṣubú, ó forí gbá ẹsẹ̀ tábìlì, ó ké. Omi ọmú tí mo rò pé ó ti gbẹ dà, ó rin bùbá mi. Mo di ara lọ́rì mú, n kò sọdá.

Awakọ̀ dé, ó ṣíná, lọ́rì sì fi mí sílẹ̀ lójú títì gbangba. Màmá rí mi. Kò pariwo. Ó gbé Títí fún obìnrin tó ń ta àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní kó gbé e wọ inú ilé, òun fúnra rẹ̀ sì sọdá wá bá mi. Mo rò pé ó fẹ́ bú mi ni, mo ti múra èsì sílẹ̀.

"Rísíkátù," ló wí, "má bínú sí mi. Ó wá ẹ títí tí ohùn ẹ̀ fi há. Èmi ni mo gbé e pọ̀n kiri, kì í ṣe ẹlòmíì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbàgbé ni. Bó bá rí ẹ lónìí, ìwọ á padà sí Ifẹ̀, èmi lá tún bá a bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Màmá, mi ò fẹ́ kó gbàgbé mi."

Ó mú mi sọdá lọ síbi tábìlì rẹ̀. Ó bó ọsàn kan fún mi. N kò lè dì í mú, omi rẹ̀ ń dà sí mi lọ́wọ́. Ó fi ọwọ́ tirẹ̀ di ọwọ́ mi mú lábẹ́, ó sì dì í mú títí mo fi mu ún tán.

"Ọwọ́ yìí ni kó o lọ tọ́jú," ló wí. "Ọmọ ń bẹ."

Mo lọ tọ́jú rẹ̀. Wíwú ojú lọ, ìtọ̀ mi mọ́, èrìgì mi san, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eyín méjì ti lọ. Gbígbọ̀n náà ń dínkù díẹ̀díẹ̀, bí òjò tó ń dá. Wọ́n ṣàyẹ̀wò Ọ̀gbẹ́ni Fálànà náà, ó ní díẹ̀ lára, ó gba ìtọ́jú. Ilé ìwádìí yẹn kó iyọ̀ náà dànù pátápátá, mo gbọ́ pé fìríìsà ni wọ́n fi ń pa kòkòrò báyìí.

Lẹ́yìn Kérésìmesì ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé Títí padà wá fún mi. Ó gùn, ó dúdú, ó ń sọ̀rọ̀ bí omi. "Àǹtí" ló pè mí. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n Kúnlé tó wà ní Ẹ̀dúnàbọ̀n ló ń pè mí ní Àǹtí, ohun tó gbọ́ ló sọ. Ìyá àgbà rẹ̀ ni Màmá. Kò jẹ́ kí n wẹ̀ ẹ́. Kò jẹ́ kí n di irun rẹ̀. Á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa wo títì. Àwọn èèyàn ní kí n nà án, kí n kọ́ ọ ní orúkọ mi. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá ti pè mí ní Àǹtí, màá dáhùn, màá sì bi í ohun tó fẹ́ jẹ. Mo wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú ọmọ mi, àárò rẹ̀ sì ń sọ mí ju ìgbà tó wà ní Ẹ̀dúnàbọ̀n lọ.

Ẹ wo bí ara mi ṣe wà báyìí tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ ọdún 2000. Mo wà láàyè. Tó bá rẹ̀ mí, tàbí tí inú bá bí mi, ọwọ́ mi ṣì máa ń gbọ̀n. N kì í bu tíì kún kọ́ọ̀bù. Orúkọ èèyàn máa ń sọnù lórí mi. N kò rán aṣọ tà mọ́. Mo ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù ní ìsàlẹ̀ ilé wa, mo sì máa ń pariwo mọ́ ọmọ iṣẹ́ aránṣọ èyíkéyìí tó bá fi nǹkan sẹ́nu lójú mi. Wọ́n ní ẹnu mi pọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dáa, tí a ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn. Nítorí náà, ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ ń ra ìpara tí kò lórúkọ, tẹ́ ẹ ń ra ọṣẹ tó ń sọ ojú di pupa, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ọwọ́ kan nǹkan tí wọ́n kọ májèlé sí lára, bó gbẹ, bó tutù, májèlé ni. Ẹ̀yin tó sì ti dé ara yín, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú mú yín sá fún èèyàn bó ṣe mú mi. Àìsàn náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin kọ́. Ó máa ń lọ. Ó máa ń pẹ́ kó tó lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń lọ.

Dókítà Olúrántí ti ní kí n máa mú Títí wá fún àyẹ̀wò títí á fi tó ọmọ iléèwé. A lọ láìpẹ́ yìí. Dókítà mìíràn la bá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò mọ̀ wá rí. Ó ní kí Títí rìn lọ rìn bọ̀, ó rìn. Ó ní kó fọwọ́ kan imú rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án. Ó ní kó ka ìka, ó kà á, ó sì fi orin kún un láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó kọrin. Mo ń wo ojú dókítà, mo ń wá ohun tó fẹ́ sọ níbẹ̀, ọwọ́ mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo fi í sábẹ́ báàgì.

Dókítà ní, "O káre. Ta ló mú ẹ wá síbí?"

Títí yíjú padà, ó wò mí. Nínú ilé, láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, Àǹtí ló pè mí nígbà tó fẹ́ kí n bá òun wá bàtà.

"Mọ́mì mi ni," ló sọ fún un.

Dókítà kọ nǹkan sínú fáìlì. Ó ní ara ọmọ náà le koko, kò sí nǹkan tó ṣe é, ká máa lọ sílé. Mo fa ọwọ́ mi yọ lábẹ́ báàgì, mo sì nà án sí Títí.